Sààrì Tí Mo Jẹ Kí N Tó Lọ Ṣe Síkáànù

Bí dókítà bá ti fún yín ní ìwé pélébé kan pé kí ẹ lọ ṣe síkáànù inú, tí ẹ wá gbé e sórí tábìlì, tí ẹ ń wò ó bí ẹni ń wo ìwé ìpè kóòtù, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni èmi náà fi wo tèmi bẹ́ẹ̀. Abọ́ àti ìkòkò ni mo ń tà ní Mowo, lẹ́bàá títì tó lọ sí Seme. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, n kò sì mọ orúkọ tí àwọn dókítà ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti ìwà kan tí mo hù nínú yàrá síkáànù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi.

Abẹ́ egungun ìhà mi lápá ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìrora kan á dé lẹ́yìn oúnjẹ, pàápàá bí mo bá jẹ nǹkan díndín, á gbá mi mú, á gba ẹ̀yìn lọ sí èjìká. Yóò ṣe mí bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, yóò sì lọ bí ẹni pé kò wá rí. Bó bá ti lọ, màá ní ara mi ti yá, màá tún ránṣẹ́ ra àkàrà. Mo fẹ́ràn nǹkan díndín, n kò ní purọ́ fún yín. Létí òkun wa níbí, ta ni yóò rí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú omi, tí wọ́n wá dín in tó ń ta sáńsán, tí yóò ní òun ò jẹ?

Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi di dókítà. Ìyá alágbo tó wà ní ìdúró ọkọ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ọkọ mi, tó ń ṣe ajẹ́ntì ní bọ́dà Seme, ní ọgbẹ́ inú ni, nítorí pé òun náà ní in, ó sì ń bu oògùn funfun tirẹ̀ fún mi mu. Màmá Sẹ̀wànú, obìnrin Ègùn tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, gbé ewé kan wá láti Àjàṣẹ́, ó ní kí n máa sè é mu láàárọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Mo mu gbogbo rẹ̀. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ń ṣe é, inú mi sì ń run síbẹ̀.

Ẹni kan ṣoṣo tí kò sọ ohun tó ń ṣe mí ni ìyá ọkọ mi. Ìyá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ti kú kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà bí mo bá ti ní Ìyá, àwọn náà ni, n kò ní òmíràn. Ìyá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oúnjẹ ni wọ́n fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bí inú wọn bá dùn sí ẹ, wàá rí i nínú àwo. Bí o bá ṣẹ̀ wọ́n, inú àwo náà ni wàá ti mọ̀, ata á pọ̀ ju ẹja lọ. Ní gbogbo oṣù mẹ́rin tí inú fi ń run mí yẹn, orí ẹja ni mò ń jẹ.

Nígbà tí ó wá di pé mi ò lè dúró tajà mọ́, mo lọ sí ọsibítù. Dókítà tẹ ikùn mi, mo kígbe, ló bá kọ ìwé síkáànù. Nọ́ọ̀sì kan ló là á yé mi. Ó ní láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, n kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ kankan kan ẹnu títí wọn yóò fi yẹ̀ mí wò, bí òùngbẹ bá ń gbẹ mí kí n mu omi lásán díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́rọ̀ yìí díẹ̀, nítorí ó ṣe pàtàkì: kì í ṣe gbogbo síkáànù ni wọ́n ń gbààwẹ̀ fún. Obìnrin kan tí a jọ dúró lórí ìlà, ilé ọmọ ni wọ́n fẹ́ wò fún un, omi ni wọ́n ní kó mu yó, kó má sì tọ̀. Òun náà ti gbààwẹ̀ wá ní tirẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àbúrò rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè tiyín. Ẹ má fi tẹlòmíràn ṣe.

Wọ́n fún mi ní ọjọ́ Ajé. Ìyá sì rèé, gbogbo ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbààwẹ̀, yálà oṣù Ràmàdáánì ni tàbí kì í ṣe òun. Ní ìdájí ọjọ́ náà, mo gbọ́ ìka wọn lára ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, dìde. Sààrì ti délẹ̀."

"Ìyá, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹun."

"Lójúmọ́ ni o kò gbọ́dọ̀ jẹun. Ojúmọ́ ò tíì mọ́."

"Láti alẹ́ àná ni wọ́n wí, Ìyá."

Wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n ń wò mí, pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. "Ta ló ń gbààwẹ̀ láì jẹ sààrì? Ìwọ tí ara rẹ ò yá, tí o fẹ́ lọ dúró lórí ìlà, kí òòyì kọ́ ẹ kí o ṣubú lójú gbogbo ayé? Wá jẹ ẹ́, ọmọ mi. Kó tó kàn ẹ́, kò ní sí níkùn mọ́."

Ẹ̀wà ni, epo rẹ̀ ń dán lójú iná, pẹ̀lú ẹja díndín tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn yọ eegun rẹ̀ fún mi. N kò mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí pé kí ẹnì kan jí kí àkùkọ tó kọ, kó jókòó máa yọ eegun ẹja fún yín bí ọmọ ọwọ́. Ta ló fẹ́ kọ irú rẹ̀? Nínú ilé wa, ènìyàn kì í fi ẹnu lásán wọ ààwẹ̀. Mo jókòó, mo jẹ ẹ́, mo tún tọrọ díẹ̀ sí i.

Ìlà ti gùn nígbà tí mo dé. Aláboyún ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀kan sún sí ẹ̀gbẹ́ kí n ráyè jókòó, ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Ẹ kú oríire, Màmá. Oṣù mélòó ni?" Mo sọ fún un pé ọmọ àbígbẹ̀yìn mi ti fẹ́ wọ yunifásítì, pé inú rírun lásán ni mo gbé wá. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rín in, ojú sì tì mí díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé síkáànù kì í ṣe ti aláboyún nìkan. Àwọn ọkùnrin náà wà níbẹ̀.

Obìnrin kan wà níwájú mi lórí ìlà. Nígbà tí wọ́n bi í, ó jẹ́wọ́ pé òun ti mu tíì pẹ̀lú búrẹ́dì. Ọkùnrin tó ń pe nọ́ńbà pariwo lé e lórí. "Ṣé a ò sọ fún yín ni? Ẹ máa lọ sílé! Ẹ padà wá lọ́la, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn!" Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì ní ọ̀fun ni kò jẹ́ kó gbọ́ràn. Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀, ó lọ láì wo ẹ̀yìn. Mo rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu mi, bí ẹni pé epo ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí yàrá náà ṣe rí, nítorí ìbẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ lọ́kàn mi kí n tó wọ ibẹ̀. Kò sí nǹkan tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀. Ó tutù, iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ híjáàbù ló ń ṣe é, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n ká bùbá mi sókè. Ẹ wọ ìró àti bùbá lọ, ẹ má wọ kaba gígùn tí ẹ ó máa ká títí dé ọrùn. Ó da nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ sí mi níkùn, ó wá ń fi ohun kan bí ìgò kékeré rìn lórí rẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹni ń lọ aṣọ, ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ fa èémí sínú, mà. Ẹ dì í mú. Ẹ mí." Kò sí abẹ́rẹ́. Kò sí ìrora, àfi ìgbà tó bá tẹ ojú ibi tó ń dùn mí gan-an. Kì í sì í pẹ́.

Ó dé abẹ́ ìhà mi, ó dúró. "Mà, ṣé ẹ ò jẹ nǹkan kan láti alẹ́ àná?"

Mo ní, "Rárá."

Ó gbé e lọ sí ibòmíràn, ó tún gbé e padà. "Ó dá yín lójú, mà? Ibi tí mò ń wò yìí ti fún pọ̀. Mi ò rí inú rẹ̀ dáadáa."

Èmi ọlọ́jà, tí mo máa ń bú àwọn oníbàárà mi tó bá purọ́ pé abọ́ ti sán kí àwọn tó gbé e délé! Ojú obìnrin tí wọ́n lé lọ ń bẹ lọ́kàn mi. Ìlà tí mo ti tò láti òwúrọ̀ ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo tún ń rò ó pé bí mo bá ní sààrì ni mo jẹ, wọn yóò bi mí ẹni tó fún mi, wọn yóò sì fi ìyá ọkọ mi ṣe ẹlẹ́yà nínú ọsibítù yẹn. Mo ní, "Ó dá mi lójú. Ààwẹ̀ ni mo wà."

Dókítà tó gba ìwé èsì náà ní kò sí ohun tí wọ́n rí lápá ibẹ̀, ó lè jẹ́ ọgbẹ́ inú, kí n lọ máa lo oògùn, bí kò bá dáwọ́ dúró kí n padà wá. N kò gbọ́ apá ìkẹyìn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo pe ilé pé wọn ò rí nǹkan kan! Ọkọ mi ní ṣebí òun ti sọ pé ọgbẹ́ inú ni. Ìyá ní àlíhámúdù líláì, wọ́n sì dín ẹja.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, pé wọn ò rí i kò ní kó má sí níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, tí mo wá ń jó pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá.

Mo lo oògùn ọgbẹ́ inú fún ohun tó lé ní oṣù méjì. Ìrora náà ń dé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù, òtútù mú mi nínú oòrùn ọ̀sán gangan, eyín mi ń gbá ara wọn. Màmá Sẹ̀wànú wá wò mí, ó sì lọgun pe Ọlọ́run ní èdè wọn. "Máwù! Màmá Àlíyà, ojú ẹ! Ojú ẹ ti pọ́n bí àtàrí òròmọdìẹ! A ò ní dúró níbí o, dìde, dìde!" Kò dúró ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pàápàá. Ó gbé mi jókòó sáàárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà, ó dì mí mú títí a fi dé ọsibítù. Ọkọ mi sáré dé láti bọ́dà. Ìyá dé pẹ̀lú ìró mẹ́ta àti kẹ́túlù àlùwàlá mi.

Wọ́n tún gbé mi lọ síbi síkáànù. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, oúnjẹ kò dúró níkùn mi láti ọjọ́ méjì, gbogbo ohun tí mo bá jẹ ni mò ń bì. Bó ṣe gbé nǹkan náà lé abẹ́ ìhà mi báyìí ló ní, "Àwọn rèé." Ó yí ojú tẹlifíṣọ̀n náà sí mi. Mo rí wọn, wọ́n tò sínú àpò kékeré kan bí kóró ìbẹ́pẹ. Wọ́n tì mí jáde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá dúró lẹ́yìn láti gba ìwé.

Nígbà tí gbogbo wa pé lọ́dọ̀ dókítà, ó sọ pé òkúta ló wà nínú òróòro mi, ọ̀kan ti bọ́ sí ojú ọ̀nà, ó dí i, àpò náà sì ti ń wú. Ẹ̀yin tó ń pa adìẹ mọ òróòro, àpò aláwọ̀ ewé tí ẹ kì í fẹ́ kó bẹ́ mọ́ ẹran. Ó ní bí ènìyàn bá jẹun, pàápàá nǹkan olóròóró, àpò yẹn á fún pọ̀ láti tú omi kíkorò inú rẹ̀ sórí oúnjẹ, bó bá sì ti fún pọ̀, ẹ̀rọ lè má rí ohun tó wà nínú rẹ̀. "Ṣé wọ́n jẹun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni?"

Ọkọ mi ní rárá. Ó yí ojú sí ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ìyá, ẹ dín ẹja ní ìdájí ọjọ́ yẹn. Mo gbóòórùn rẹ̀."

Ìyá ò wo ọ̀dọ̀ mi. "Èmi ni," wọ́n ní. "Èmi ni mo jí i. Èmi ni mo ní kó jẹ sààrì."

"Ìyá, ẹ fẹ́ pa ìyàwó mi!"

Ọkọ mi kò gbé ohùn sókè sí ìyá rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo di ojú mi. Wọ́n rò pé ìrora ni. Lóòótọ́ ìrora wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò sì sọ pé wọ́n bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní mo ti sọ òtítọ́, ohun tí ì bá ná mi kò ju ariwo ọkùnrin onínọ́ńbà yẹn lọ, wọn ì bá sì ti rí òkúta náà lọ́jọ́ kejì, kí àpò tó wú, kí ojú mi tó pọ́n.

Ìyá kó ẹrù wọn lọ́jọ́ kejì lọ sí Gbaji, sílé àbúrò wọn. Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fa omi àti oògùn sí mi lára kí àpò náà lè rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Àwọn mọ̀lẹ́bí dé. Ẹnì kan ní agbo kan wà tó ń yọ́ òkúta bí iyọ̀. Ẹlòmíràn ní bí wọ́n bá la ènìyàn, atẹ́gùn yóò wọ inú rẹ̀. Ọkọ mi gbọ́ gbogbo wọn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rù ń bà á débi pé ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí ó yẹ kó kọ tèmi. Láràárọ̀ ni ọlọ́kadà kan ń gbé ògì dé láti Gbaji nínú fíláàsì, kò sí mílíìkì, kò sí ẹ̀kán epo kan. Ọlọ́kadà á ní Màmá ní kí òun kí mi. Ọkọ mi á gbé fíláàsì náà sílẹ̀, á jáde.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, mo sì jí. Mo lo ọjọ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀, mo padà sílé.

Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí. Ojú mi ti funfun padà. Àpá wà lábẹ́ ìhà mi, ó máa ń yún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Mò ń jẹun, ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ti lọ́ràá jù, inú mi á rán mi létí kíákíá. Mo ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, Màmá Sẹ̀wànú ni kò jẹ́ kí n gbé ìkòkò ńlá. Ẹni tó bá ń lọ ṣe síkáànù lára àwọn oníbàárà mi, mo máa ń sọ fún un pé bí ó bá ti jẹun, kó sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ ẹ̀pà kan ni, kó sọ ọ́. Kí wọ́n dá a padà sílé, kò burú. Kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kì í pa ènìyàn.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ ọ́ tán, irọ́ tèmi á dé ọkàn mi, nítorí pé Ìyá ṣì wà ní Gbaji. Ìdáná wa ti tutù. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bí ọkọ mi ṣe ti mọ́ṣáláṣí dé, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Pé ọmọbìnrin yẹn bi mí, pé mo ní rárá, pé ó tún bi mí. Mo rò pé yóò bú mi. Ó ní, "Sìdí, dìde. Múra ká lọ bá wọn."

Ìyá jókòó sábẹ́ igi àgbọn níwájú ilé àbúrò wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ọkọ mi kò kí wọn tán tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn pẹ̀lú aṣọ Jímọ̀ rẹ̀. Èmi kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe sààrì yín. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo jẹun, mo purọ́."

Wọn ò dáwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró. "Mo mọ̀," wọ́n ní.

A wo ara wa.

"Ọmọbìnrin tó ń wo inú yẹn bi mí nígbà tí mo dúró gba ìwé. Ó ní, Màmá, ṣé wọ́n jẹun lọ́jọ́ yẹn ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sààrì. Ó ní òun bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àwọn ò jẹ nǹkan kan."

Ọkọ mi gbórí sókè nílẹ̀. "Ìyá, ẹ ti mọ̀ kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà? Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí n pariwo mọ́ yín bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé òun ni kí o wá pariwo mọ́?" Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà náà kúrò lórí ẹsẹ̀ wọn. "Èmi ni mo bí ẹ. Bí o bá bínú sí mi lọ́dún kan, wàá padà wá, kò sí ibi tí o fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n òun, wọ́n fẹ́ gbé e wọ yàrá tí wọ́n ti ń la ènìyàn. Mi ò fẹ́ kó gbé ìbínú ọkọ wọ ibẹ̀." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fà mí mọ́ra títí orí mi fi kan itan wọn. "Mi ò mọ̀ bóyá yóò jáde."